Ọdún kan ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó lọ sí irú ilé ìwòsàn yìí, tí àyà rẹ̀ ń já, ni mo kọ èyí fún. Bí èmi náà ṣe wà nìyẹn lọ́dún tó kọjá. Jẹjẹrẹ ọmú òsì ló gbé mi débẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní HER2. Nínú márùn-ún, bí ọ̀kan ló máa ń jẹ́ irú rẹ̀: èròjà HER2 pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ló ń mú kó tètè dàgbà.

Ilé ìwòsàn gbogbogbòò ni wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò. Wọ́n mọṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n dókítà kan ṣoṣo ló ń dá ronú lórí ọ̀rọ̀ mi. Níbí, kí oògùn kankan tó wọ ara mi, oníṣẹ́ abẹ, dókítà kẹmó (oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ), dókítà ìtànṣán àti ẹni tó wo ẹran ara tí wọ́n gé lára kókó náà ti jọ jókòó ti fáìlì mi. Ìpàdé yẹn ló yí ètò padà. Iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń múra sílẹ̀ fún. Wọ́n ní kí oògùn ṣáájú, kí kókó náà lè súnkì, kí wọ́n sì lè fi ojú rí i bóyá oògùn náà ń ràn án.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo gba kẹmó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó nira. Irun re, ẹnu di egbò, orí ìka ń kú tipiri. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni nọ́ọ̀sì tó jókòó tì mí fún odidi wákàtí kan ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Bí ara yín bá gbóná dé 38, mà, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tíì lo pàrá (parasitámọ́ọ̀lù) o." Ó ṣàlàyé pé kẹmó máa ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà kù, pé ara gbígbóná lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí mo máa rí, pàrá sì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá ní kí n fi ẹnu ara mi tún un sọ fún òun.

Lẹ́yìn kẹmó kejì, lóru, ara mi gbóná dé 38.4. Àbúrò mi ti mú pàrá dání, mo ní rárá. A pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, ó dún títí fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Inú bí mi gan-an, ó ṣì ń bí mi. A kúkú gbéra lọ. Kò tó wákàtí kan tí a dé tí wọ́n ti fa oògùn apakòkòrò sí mi níṣan. Ìlò tí mo lo ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fi ń sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ ìdúró náà wà níbẹ̀. Wọn á gba ẹ̀jẹ̀ mi láago mẹ́jọ àárọ̀, ó lè di aago méjì ọ̀sán kí dírípù tó bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í po oògùn àfi tí èsì ẹ̀jẹ̀ bá dára. Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kí n tó gbọ́ pé èèyàn lè wá fún ẹ̀jẹ̀ gbígbà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ tètè béèrè.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n ní kí n fi gba trastuzumab, oògùn tó ń kọjú ìjà sí HER2 gan-an. Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọdún kan. Dókítà náà fa àga, ó jókòó. Ó ní ìwádìí HERA ti fi ọdún kan wé ọdún méjì: ọdún méjì kò fi àǹfààní kankan kún un, ọkàn àwọn obìnrin náà ló tún dà láàmú sí i. Wọ́n tún fi oṣù mẹ́fà wé ọdún kan. Èyí tí wọ́n ṣe ní Britain, PERSEPHONE, tó gba obìnrin tó lé ní 4,000, fi hàn ní 2019 pé oṣù mẹ́fà tó. PHARE ti ilẹ̀ Faransé kò rí ìyẹn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì fi di ọdún kan mú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro àwọn obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n gbà kí kọ̀ǹpútà yan èyí tí wọn máa gbà fún wọn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sá nígbà tí nọ́ọ̀sì ìwádìí wá bá mi nígbà tó yá. Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ máa gbà, láti wò ó bóyá àwọn lè tètè rí àmì pé jẹjẹrẹ ń padà bọ̀. Ó sọ ọ́ kedere pé ó lè má ṣe èmi fúnra mi láǹfààní, pé mo lè jáwọ́ nígbàkigbà, ìtọ́jú mi ò ní yingin. Ó ní kí n gbé ìwé náà relé lọ kà. Mo fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ kejì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà pọ̀ níbẹ̀. Wọn kì í wọlé láìtọrọ àyè. Mo kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni ò fajú ro. Ọ̀kan nínú wọn ló fara balẹ̀ bi mí bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn nílé. Mo ní mo máa ń dúró mí láàárín. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n yẹ ọkàn mi wò lọ́jọ́ yẹn: agbára tó fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde ti já láti 62 sí 49 nínú ọgọ́rùn-ún. Trastuzumab lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fi oògùn ọkàn kún un, ó sì padà gòkè kí a tó tún bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Ìtànṣán ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò dùn mí. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fa èémí sínú kí n sì mú un dúró, kí ọkàn lè jìnnà sí ibi tí ìtànṣán ń lọ.

Ìparí rẹ̀ ni wọn ò ṣe dáadáa. Mo gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó parí. Lẹ́yìn ọdún kan tí ẹnì kan ń wò mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, mo délé, mo sunkún lọ́sàn-án gangan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀ màá lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ìwádìí, màá sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ìwádìí yẹn.