Gáàsì ìdáná tàbí CNG: èwo ni kí ẹ gbé sínú ọkọ̀ yín?

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni àwọn ará àdúgbò wa ní Mọ́wẹ́ ti ń bi mí bóyá kí wọ́n sọ ọkọ̀ wọn di oní-gáàsì, àti pé gáàsì wo gan-an: gáàsì ìdáná tí a fi ń se oúnjẹ nílé, àbí CNG, ìyẹn gáàsì àdánidá tí wọ́n fi agbára tẹ̀ mọ́ inú sìlíńdà. Mo ti náwó sórí méjèèjì. Corolla 2008 kan ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́ n'Íkẹjà. Oṣù méje ni mo fi gáàsì ìdáná wà á, láti ìdajì ọdún 2023. CNG ló ń gbé e rìn láti 2024 títí di òní.

Ẹnì kan bi mí nípa ẹtanọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé láti 1979 ni àwọn ará Brazil ti ń ra ọkọ̀ tó ń mu ọtí tí wọ́n pọn láti ara ìrèké, àwa náà sì ní ẹ̀gẹ́ tí a lè fi pọn tiwa. Ṣùgbọ́n ilé epo wo lẹ ti fẹ́ rọ ọ́ láàrin Ìbàdàn sí Èkó? Ẹ jẹ́ ká sọ ti èyí tó wà nílẹ̀.

Owó

Ẹni tó bá gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà láti ṣe é, gáàsì ìdáná ni yóò wù ú. ₦180,000 ni mo san. Ti CNG lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ṣùgbọ́n iye tí ẹ ó máa fi rọ ọ́ lójoojúmọ́ ni kí ẹ ṣírò. Kílò mẹ́wàá gáàsì ìdáná ń ṣe iṣẹ́ tí nǹkan bíi lítà epo mẹ́rìnlá ń ṣe. Nígbà tí kílò kan jẹ́ bíi ₦700, tí lítà epo sì jẹ́ ₦568 l'Ékòó, èrè díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló fà mí wọlé. Kò pé ọdún kan tí kílò kan fi kọjá ₦1,200. Bẹntiróòlù tí mo ń sá fún wá pọ́ọ́kú ju gáàsì tí mo sá lọ bá. Ní ti CNG, scm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn kúbíìkì mítà kan gáàsì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Scm kan ń ṣe iṣẹ́ lítà epo kan ó lé díẹ̀, ₦230 sì ni mo rà á nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí lítà epo súnmọ́ ₦1,000 ní October 2024, mo rí i pé mílíọ̀nù kan yẹn ti ń padà bọ̀ wá sọ́wọ́ mi.

Sìlíńdà

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà á, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gba ẹ̀mí mi àti ti ọmọ mi.

Ẹni tó ṣe gáàsì ìdáná fún mi gbé sìlíńdà 12.5 kílò, irú èyí tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní búùtù, ó sì fi okùn dè é. N kò mọ ìyàtọ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí: tí sìlíńdà ìdáná bá wà ní òró, atẹ́gùn gáàsì tó wà lókè nìkan ló ń jáde. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, omi gáàsì ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde, rẹgulétọ̀ ìdáná kò sì lè gba omi. Sìlíńdà gáàsì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yàtọ̀. Ó ní ọ̀pá nínú tó ń fa omi gáàsì jáde létòlétò, ẹ̀rọ kan wà nídìí ẹ́ńjìnnì tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń yí ká láti sọ omi gáàsì náà di atẹ́gùn, sìlíńdà náà sì ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí gáàsì kọjá ìwọ̀n ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kí àyè lè wà fún un láti wú nígbà tí oòrùn bá mú. Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ lára tèmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí Long Bridge, ẹ́ńjìnnì kọ̀ lójijì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rẹgulétọ̀ ti di yìnyín funfun. Mo ṣí búùtù, òórùn gáàsì gbá mi lójú. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Tó bá jò, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí, nínú búùtù, lábẹ́ ìjókòó. Orí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn ni ọmọ mi obìnrin wà. Mo gbé e, a sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, a sì dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ fi dé. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì, fáàfù méjì ti jó. Iye tí mo fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo san láti ṣe gáàsì ọ̀hún.

Ẹ̀rù CNG náà bà mí nítorí agbára ìtẹ̀ rẹ̀: 200 bar nínú sìlíńdà, nígbà tí gáàsì ìdáná kì í sábà ju bíi 10 lọ nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ odidi irin tó nípọn, tí kò ní ojú wẹ́dà kankan, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò sì wà ní fífín sí ọrùn rẹ̀. Tó bá jò, òkè ló ń lọ, torí ó fúyẹ́ ju atẹ́gùn lọ. Èyí tó bú gbàmù ní Benin City ní October 2024, àwọn tó ń rí sí ètò CNG fún ìjọba ní sìlíńdà tí wọ́n wẹ́dà ni, kì í ṣe ti CNG. Ohun kan náà tí wọ́n ṣe sí mi nìyẹn: wọ́n gbé sìlíńdà tí kò yẹ sínú ọkọ̀.

Ibi tí ẹ ó ti rọ ọ́

Gáàsì ìdáná borí níbí, gbogbo òpópónà ló ní. CNG ń fẹ́ sùúrù. Ìbafọ̀ ni mo ti ń rọ tèmi, aago márùn-ún ìdájí ni mo sì máa ń dé ibẹ̀, torí tí ilẹ̀ bá mọ́ tán, ẹ̀yìn tirela àti danfo lẹ ó tò sí. Mo ti lo wákàtí mẹ́ta rí. Tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá ti rọ, ìtẹ̀ ẹ̀rọ máa ń lọ sílẹ̀, gáàsì kò sì ní kún. Ẹ wo géèjì kí ẹ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ. Bí ilé epo tó ń ta CNG kò bá sí lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́, ẹ ṣì dúró sórí bẹntiróòlù ná.

Àwọn yòókù

Agbára ẹ́ńjìnnì ń dín díẹ̀ lórí CNG, pàápàá tí ẹ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Búùtù ti lọ, sìlíńdà náà sì wúwo tó èèyàn kan, ẹ máa wo sípíríǹgì ẹ̀yìn. Pọ́lọ́ọ̀gì ń tètè jẹ. Ẹ má jẹ́ kí epo tán nínú táǹkì láé, epo ni ẹ ó fi tanná ọkọ̀ láàárọ̀, tí táǹkì bá sì gbẹ, pọ́ǹpù epo lè jó.

Tó bá jẹ́ èmi ni

Ẹni tó ní sìlíńdà ọkọ̀ tòótọ́, tí kò sì jìnnà sí ibi tí gáàsì ìdáná ti pọ́ọ́kú, kò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó fún èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n gbé sìlíńdà yẹn wá síwájú yín, kí wọ́n tó lu ihò kankan sára ọkọ̀. Ẹ ka ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pa á yíká, kí ẹ wá ojú wẹ́dà. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà inú ìwé wé ti ara irin. Ẹni tó ṣe CNG fún mi kò dúró kí n bèèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí wá kà á. Lánàá mo rọ scm mẹ́tàlá, á gbé mi lọ Ìkẹjà, á sì gbé mi bọ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ọmọ mi ti padà sórí ìjókòó ẹ̀yìn.