SIFT tàbí ORB: èwo ni kí ẹ náwó lé?

Ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń dá ohun inú àwòrán mọ̀ ni SIFT àti ORB. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì nínú OpenCV, àkójọ irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àwòrán. Ibi tí owó yín máa wọlé sí ni ẹ̀rọ tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́, ibi ìpamọ́, àti ẹni tó máa bá yín kọ ètò kọ̀ǹpútà náà. Ẹ mọ èyí tí iṣẹ́ yín fẹ́ kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń wá àmì tó hàn gedegbe nínú àwòrán, bí igun ilé tàbí etí lẹ́tà, kí kọ̀ǹpútà lè dá a mọ̀ nínú àwòrán mìíràn. SIFT, tí David Lowe gbé jáde ní Kánádà lọ́dún 1999, á sọ àwòrán di bàìbàì ní ìpele-ìpele, á yọ ìpele kan kúrò nínú èkejì, á sì mú ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù tàbí tó kéré jù. Nọ́ńbà 128 ló fi ń ṣàpèjúwe àmì kan. ORB (2011) kò ní sùúrù yẹn. Píksẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 16 tó yí ojú kan ká ló ń wò, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wọn tó tò tẹ̀léra mọ́lẹ̀ jù ú tàbí ṣókùnkùn jù ú. Á wá bi ìbéèrè 256: ṣé ibí mọ́lẹ̀ ju ọ̀hún lọ? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tán.

Ibẹ̀ ni owó ti yàtọ̀. Nínú OpenCV, báìtì 512 ni àmì SIFT kan ń gbà. Ti ORB, 32. Tí ẹ bá ní àwòrán 10,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì 1,000, SIFT á gba bíi gígábáìtì 5, ti ORB ò ní tó ìdajì gígábáìtì kan. Lórí fóònù tàbí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú), ẹ má wulẹ̀ jiyàn, ẹ mú ORB. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwòrán drone lẹ fẹ́ so pọ̀ di máàpù, tàbí ohun kan náà tí wọ́n yà látòkèèrè àti nítòsí, SIFT ni tèmi.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n wéra níwájú yín. Àmì 500 ni OpenCV fi ṣe òpin fún ORB. SIFT ò ní òpin. Tí wọn ò bá yí i padà, ORB á kàn dà bí ọ̀lẹ ni. Ẹ ní kí wọ́n fún méjèèjì ní iye kan náà, lórí àwòrán tiyín.

Páténtì SIFT, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ ọ̀nà náà, ti parí ní 2020. SURF, ọ̀nà mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣì wà ní abala tí OpenCV yà sọ́tọ̀ fún ohun tí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mi ò ní fi sínú ohun tí mo fẹ́ tà. SuperPoint, òmíràn tí ilé-iṣẹ́ Magic Leap ṣe ní 2018, dára, àmọ́ láísẹ́ǹsì rẹ̀ ò gbà kí ẹ fi ṣòwò.