Àpẹ̀rẹ̀ Òkúta Tí Mo Fi Pààrọ̀ Ògiri Búlọ́ọ̀kù Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ta ló ṣiṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi, ẹ gbọ́ o. Bíríkìlà tí mo kọ́kọ́ pè mọ ògiri búlọ́ọ̀kù gbọọrọ kan sí etí odò kékeré tó ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà adìẹ mi ní Arówómọ́lé. Ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó wuni. Òjò ńlá méjì péré ló gbà. Omi tó há sẹ́yìn ògiri kò ríbi gbà jáde, ló bá tì í wó. Adìẹ mẹ́tàdínlógún ló bá a lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ní kí n wá àwọn tó ń to òkúta sínú àpẹ̀rẹ̀ wáyà. Ó ti ṣe lébírà rí ní Èkó, níbi odi òkun Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í fà débẹ̀. Ó ní ara odi yẹn kò dán rárá. Kọnkéré oníwo-oníwo ni wọ́n tò lé e, ẹyọ kan tó tọ́ọ̀nù 5. Ìgbì tó bá kọlù ú á fọ́nká sínú àlàfo wọn, agbára rẹ̀ á rọ̀. Bí ògiri bá dán, ìgbì á ta padà, á wá máa wú iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún ní ọwọ́ ènìyàn wà nínú ọ̀ràn Bar Beach, etí òkun Èkó tí omi jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn odi òkúta tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ sẹ́nu òkun ní 1908, kí ọkọ̀ lè ráyè wọ Èkó, ló dá iyanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró. Iyanrìn wá ń pọ̀ sí i ní Lighthouse Beach tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, omi sì ń jẹ Bar Beach tó wà lápá ìlà-oòrùn lọ, kí wọ́n tó mọ odi Eko Atlantic.

Mo ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, kí ló kàn mí kan òkun?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé omi kọ́ ló wó ògiri yín ni? Òkúta inú àpẹ̀rẹ̀ náà ní àlàfo, omi á ríbi gbà kọjá."

Mo bá pè wọ́n. Wọ́n gba ju ìdajì owó lọ kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, owó náà sì ju ti búlọ́ọ̀kù lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ jìn. Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú kan tí omi ń gbà kọjá tí iyẹ̀pẹ̀ kò lè gbà, wọ́n wá to àpẹ̀rẹ̀ oní mítà 2 lé e, wọ́n ń fọwọ́ yan òkúta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ márùn-ún ni.

Àléébù wọn: ẹnu wáyà tí wọn kò ká dáadáa fa ìró mi ya, alángbá sì ti sọ ibẹ̀ di ilé. Ọ̀gá wọn kì í gbé fóònù.

Lọ́dún yìí, omi fa igun kan, àpẹ̀rẹ̀ kan yọ ikùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pe ọ̀gá yìí. Nígbà tó dé, ó tú ìdérí, ó fi òkúta kún un, ó tún wáyà dì. Kò tó wákàtí kan, kò sì wó ẹyọ kan nínú ìyókù. Èyí ló jẹ́ kí n dárí fóònù jì í.

Tí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ pè é kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Tó bá ti dé sáìtì, ó parí nìyẹn.