Mo gbé ìlú àwọn afẹ̀yìntì wò fún oṣù mẹ́fà ní aginjù Arizona

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń da ìbéèrè kan náà bò mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jà Kábbà, kódà níbi ìsìnkú: "Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni pé ìlú kan wà tó jẹ́ arúgbó nìkan ló ń gbé ibẹ̀? Ṣé ó dáa? Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi ra ilé fún mi níbẹ̀?" Mo ti ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tún bi mí, èyí ni n ó fi ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń gbé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì lòun náà, ó sì lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní Chicago, níbi tí ènìyàn ti ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó tó lè jáde. Nígbà tó fẹ̀yìntì, tí òtútù kò jẹ́ kí eékún rẹ̀ gbádùn mọ́, ó ta ilé rẹ̀, ó kó lọ sí ẹ̀sítéètì àwọn afẹ̀yìntì kan lẹ́bàá Phoenix, olú ìlú ìpínlẹ̀ Arizona. N kò ní dárúkọ ẹ̀sítéètì náà. Inú ibẹ̀ ló ṣì ń gbé, n kò sì fẹ́ kí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì nítorí ẹnu èmi. Oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni mo dé, mo kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, mo sì rí ojú méjèèjì tí ibẹ̀ ní.

Ìlú tí gbogbo irú ẹ̀sítéètì bẹ́ẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ ni Sun City, tí kò jìnnà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1960 ni Del Webb, tó jẹ́ oníṣẹ́ ilé kíkọ́, ṣí i. Ilé márùn-ún péré ló kọ́ fún àwòṣe, àmọ́ èrò tó rọ́ wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó 100,000. Oko òwú ni gbogbo ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tí wọ́n tún ṣe ní 1995 ló sì gbà wọ́n láyè láti máa wo ọjọ́ orí kí wọ́n tó gba ènìyàn: nínú 100 ilé tí ènìyàn ń gbé, ó kéré tán, 80 gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ti pé ọdún 55.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dáa, nítorí ó pọ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní títí di ìparí oṣù Kẹrin, n kò mọ ibi tó tún lè tu ara àgbà lára jùyẹn lọ. Òwúrọ̀ á tutù bí ìgbà ọyẹ́, n ó wọ súwẹ́tà mi. Tó bá fi máa di aago 11, oòrùn á ti yọ dáadáa, ara á lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì ní jóni. Eékún ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ilé náà kò ní àtẹ̀gùn kankan, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo yàrá wà, ẹnu ọ̀nà sì fẹ̀ débi tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà kọjá. Wọ́n de irin ìdìmú mọ́ ara ògiri balùwẹ̀. Èmi tí mo ti rí iye àwọn ìyá tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìtàn wọn kán, tí wọn kò sì dìde mọ́, mo dúró ti irin yẹn, mo fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé fún bàbá àti ìyá yín nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irin yẹn sí i. Àwọn wẹ́dà wa ní Kábbà á ṣe é tán láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Omi ẹ̀rọ kò sì dá rí. Nínú aginjù o! Òjò ọdún kan gbáko ní Phoenix, tí a bá pín in dọ́gba, kò tó mílímítà 200. Tiwa níbí ju 1,000 lọ, síbẹ̀ àwa là ń gbé korobá dání. Odò Colorado wà lára ibi tí wọ́n ti ń fa omi náà wá, kànáà tó ń gbé omi odò yẹn bọ̀ gùn tó máìlì 336, tó jìn ju Kábbà sí Èkó lọ. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, mo ti ẹ̀rọ tí mo ń fi fọ abọ́, mo kàn ń wò ó.

Ohun tí mo gbádùn jù ni yàrá ìwunṣọ. Ilé ìgbafẹ́ ẹ̀sítéètì náà ní yàrá oríṣiríṣi: ti àwọn tó ń mọ ìkòkò, ti àwọn tó ń gbẹ́gi, ti àwọn tó ń ta káàdì. Ti ìwunṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ. Òfì tiwọn tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, òfì obìnrin nàró ti ògiri ni, orí àpótí la ń jókòó sí níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń hun kíjìpá. Wọ́n ní kí n ṣe é kí àwọn rí i. Mo da férémù àwòrán ńlá kan nàró, mo ta òwú sí i láti òkè délẹ̀, mo fi rúlà onígi ṣe ọ̀pá tí mo fi ń la òwú. Kò ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tí mo hun, ọwọ́ mi sì ti gbàgbé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pé lé mi lórí bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ni mo bá sọ ti aṣọ ipò fún wọn, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú tí wọ́n fi ń yẹ́ òkú ẹni ńlá sí. Mo sọ ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa, pé wọ́n máa ń tú bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ọsibítù kí wọ́n lè rí òwú pupa rẹ̀ hun. Gbogbo wọn dákẹ́. Ìyá kan, ẹni ọdún 84, gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní: "Èló ni tèmi máa jẹ́? Ó yẹ kí n tètè san án." Gbogbo yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ikú ṣàwàdà báyẹn, ó sì wù mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí kò wù mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo débẹ̀ ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe mí. N kò gbọ́ igbe ọmọdé. Ọdún 32 ni mo fi gbẹ̀bí, kò sí òru tí etí mi kì í ṣọ́ igbe yẹn. Níbẹ̀, ọmọdé lè wá kí ìyá rẹ̀ àgbà, àmọ́ ó ní iye ọjọ́ tó lè lò lọ́dún, kò sì lè máa gbé ibẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú tiẹ̀ méjèèjì wá ní ìsinmi oṣù Kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi, tó tọ́ ọmọ mẹ́rin, ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ilé ìdáná bí ẹni tó yáwó. Mo bi í bóyá kò dùn ún. Ó ní ó dùn òun, ṣùgbọ́n òun mọ òfin náà dájú nígbà tí òun ń fọwọ́ sí ìwé. N kò bi í mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti lẹ́tà tí ata fà fún wa. Mo ra ata rodo púpọ̀ ní ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà kan ní Phoenix. Mo wo oòrùn tó wà níta, mo ní irú oòrùn yìí á gbẹ ata láàárín ọjọ́ kan, èyí tó ń gba wa lọ́sẹ̀ kan gbáko nílé. Mo tẹ́ ẹ sórí páànù méjì síwájú gáréèjì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń dún wáráwárá. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ẹ̀sítéètì, wọ́n fi fọ́tò páànù mi sí i pé nǹkan oúnjẹ kò gbọdọ̀ hàn sí ojú títì. Ìlú tí oòrùn pọ̀ tó báyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ sá ata! Wọn kò gbà kí èèyàn sá aṣọ síta níbẹ̀ náà. Inú ẹ̀rọ gbígbẹ ni ẹ ó kó o sí, ẹ ó san owó iná. Àṣé ojú lásán ni wọ́n fi ń wo oòrùn yẹn.

Ooru wá dé. Gbogbo wa mọ ooru Lọ́kọ́ja: aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lára, òógùn á máa ṣàn. Ti Phoenix kò rí bẹ́ẹ̀. Òógùn ń gbẹ kí ẹ tó rí i, ẹ ó rò pé ẹ kò làágùn rárá, títí orí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Ìyẹn ló jẹ́ kí ooru yẹn léwu fún wọn ju èyí tí a mọ̀ lọ. Ètè mi la bí ìgbà ọyẹ́, òrí tí mo gbé láti ilé ló gbà mí. Ní 2023, ọdún tó ṣáájú kí n tó lọ, ọjọ́ 31 ló tẹ̀ léra tí ooru ọ̀sán dé 43°C tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ní àgbègbè Maricopa, tí Phoenix wà, ènìyàn 645 ni wọ́n kà lọ́dún yẹn tí ooru lọ́wọ́ nínú ikú wọn, inú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù kò ti ṣiṣẹ́ sì ni àwọn kan nínú wọn kú sí.

Inú oṣù Kẹfà ni ẹ̀rọ amúlétutù tiwa kú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ó pariwo gààà, ó dákẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń tún un ṣe ní ó di ọjọ́ mẹ́rin. Láàárín wákàtí méjì, ilé ti di ààrò. Mo ní ká kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi ní èwo nínú wọn? Ará Minnesota ló ni ilé apá ọ̀tún, ará Kánádà ló ni tòsì. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń wá, bíi lékeléke. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ti lọ. Nínú ilé mẹ́jọ tó wà ní òpópónà wa, ènìyàn wà nínú mẹ́ta.

Bàbá ẹni ọdún 81 kan tó ń gbé òdìkejì ló wá fi ọkọ̀ gọ́ọ̀fù rẹ̀ gbé wa, ó ti ki aṣọ ìnura sómi, ó fi kọ́ ọrùn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, síbẹ̀ títì ọ̀dà ṣì ń gbóná wọ inú sílípáàsì mi. Ó fún wa lómi, ó fún wa ní yàrá kan. Mo ní kó lọ sùn, pé ó ṣeun. Ó ní rárá, ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ tí ìyàwó òun ti kú, àlejò kankan kò tíì sùn nílé òun. A jókòó títí di aago kan òru. Mo sọ̀rọ̀ Kábbà fún un títí, ó sì ń béèrè ìbéèrè bíi pé ó fẹ́ kó wá.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì díẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí i. Àrùn kan wà nínú eruku aginjù náà tí wọ́n ń pè ní Valley fever. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀, tó dà bí ebu, ń gbé. Tí èèyàn bá mí i símú, ó lè dà bí òtútù àyà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Àmọ́ àwa aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó lè mú burú jáì, tó lè kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró wọnú egungun. Bí ìyá yín bá wà níbẹ̀ tí ikọ́ rẹ̀ kò lọ bọ̀rọ̀, kó sọ orúkọ àrùn yìí fún dókítà fúnra rẹ̀. Ẹ tún má rò pé ìwé ìgbélùú nìkan ló tó o. Òbí tó bá gba gíríìnì káàdì lẹ́yìn ọdún 65 gbọ́dọ̀ gbé ọdún márùn-ún ní Amẹ́ríkà kó tó lè fowó ra Medicare, ètò ìdójútòfò ìlera tí ìjọba wọn ṣe fún àwọn àgbà. Kó tó pé, ọwọ́ ta ni owó ilé ìwòsàn á ti máa jáde? Ẹ bi ọmọ yín kí ẹ tó di ẹrù.

Aago wọn kò ṣòro: wákàtí 8 la fi ṣáájú wọn, kì í sì í yí padà, nítorí Arizona kì í tún aago ṣe bíi ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù. Ti iyán, n kò ní sọ púpọ̀. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun iyán níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ nítorí pé ebi ń pa mí.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá: láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, mẹ́jọ. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, mẹ́ta, bàbá òdìkejì yẹn ló sì ni méjì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní owó fẹ̀yìntì ní dọ́là, tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sì kọ̀ láti dá wà, kó lọ, ara rẹ̀ á gbádùn. Ìyá tó jẹ́ pé iwájú ilé rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń kí i láàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀ kí ẹ̀yin wá lọ jókòó sí ìlú míì bíi Houston.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì: á wọ Kábbà ní oṣù Karùn-ún, á padà lọ ní oṣù Kẹwàá. Ó ní kí n wá káfíńtà tí yóò yẹ òrùlé rẹ̀ ní Òkèdáyọ̀ wò kí òjò tó le, kí n sì bá òun fi ibì kan sílẹ̀ níwájú ilé, níbi tí oòrùn ti ń mú dáadáa, òun fẹ́ sá ata.