Alẹ́ mẹ́ta níbùdó àgọ́ kékeré kan tó ní òun ń gba tọmọdé tàgbà

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ká ní èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ ni, márààrún ni ǹ bá fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta la kó dání: ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti àbígbẹ̀yìn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Torí tiwọn ni mo ṣe ń kọ èyí, nítorí ohun tí wọ́n kọ síbi tí a ti sanwó ni pé àwọn ń gba tọmọdé tàgbà, wọ́n sì gba owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àyè méjìlá péré téèyàn lè pa àgọ́ aṣọ sí láti sùn ló wà níbẹ̀. Igi yí i ká, odò kékeré kan ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo sì wà láàárín. Ilé ìwẹ̀ náà mọ́ tónítóní, omi gbígbóná ò dá nígbà kankan. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, èèkàn sì ń wọlé wẹ́rẹ́. Ibi tí mo lè yìn mọ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Aṣọ ni àgọ́, kì í ṣe ògiri. Ó lè gba òjò dúró, kò lè gba ohùn dúró. Níbùdó ńlá tó ní igba àyè, ẹkún ọmọ ẹni á rì sínú ariwo àwọn ọmọ yòókù àti mọ́tò tó ń wọlé tó ń jáde. Níbi tí àyè ò ju méjìlá lọ, tó sì jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ gan-an ni gbogbo èèyàn torí ẹ̀ wá, ọmọ kan ṣoṣo tó bá sọkún, gbogbo ibùdó ló gbọ́. Ojú ń tì mí lálẹ́ àkọ́kọ́. Àbígbẹ̀yìn wa ò tíì sùn nínú àgọ́ rí, òjìji ewé ń mì lára aṣọ, ó sì pinnu pé ẹranko ni. Ó tó wákàtí kan kó tó gbà pé ewé ni.

Ṣùgbọ́n alẹ́ kọ́ ni wàhálà gidi. Àárọ̀ ni. Òfin wọn ni pé kí ibi gbogbo dákẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí méje àárọ̀, bó sì ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibùdó nìyẹn. Lálẹ́, ó ti máa ń rẹ ọmọ, bó pẹ́ bó yá á sùn. Láàárọ̀ ńkọ́? Kété tí oòrùn bá ti kan aṣọ àgọ́, inú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ gbòò, á tún móoru. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni àwọn ọmọ mi jí, pẹ̀lú agbára tuntun. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi ń sọ pé "ẹ rọra," ohùn tèmi gan-an ló ń jí èèyàn níkẹyìn.

Bàbá tó ni ibùdó náà rò pé inúure ni àwọn ń ṣe nígbà tí wọ́n fi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀, láàárín gbùngbùn, kí ọ̀nà má baà jìn fún àwọn ọmọ. Èmi náà dúpẹ́. Àṣìṣe ni. Ohùn tó bá ti àárín jáde ń lọ síbi gbogbo, gbogbo ẹni tó bá sì ń lọ tọ̀ lóru ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn lára àgọ́ wa. Ẹ̀gbẹ́ kan ló yẹ kí wọ́n kó àwọn ọlọ́mọ sí, ní ìpẹ̀kun tó jìnnà sódò, kí àwọn tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ gba òdìkejì. Méjìlá ò kéré jù láti pín sí méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà kan tí àgọ́ wọn kọjú sí tiwa pè mí. Mo ti ń tọrọ àforíjì nípa ẹkún kí n tó débẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹkún ò yọ mí lẹ́nu o, èmi náà tọ́mọ. Bọ́ọ̀lù yẹn ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù ti ba àgọ́ wọn, ọmọ mi ọkùnrin sì ti fẹsẹ̀ kọ́ okùn rẹ̀ nígbà tó sáré lọ mú un. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ gbalasa kankan, kódà èyí tó tó yàrá méjì, tí ọmọ lè sáré sí láìgba àárín àgọ́ àwọn ẹlòmíì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè jókòó wo igi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni iná. Ààrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè wa, àwọn tó lò ó kó iyanrìn bò ó kí wọ́n tó sùn, wọ́n rò pé àwọn ti pa á. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Tèmi rí ààrò, ó pè é ní iyanrìn ìṣeré. Ọlọ́run ló ní kí ọkọ mi wà nítòsí, ó gbé e sókè kó tó fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. A fi igi tú u wò: ẹyín iná ṣì ń pọ́n nísàlẹ̀. Iyanrìn kì í pa iná bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń dáàbò bo ooru rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò sì ní jẹ́ kí ojú rí i. Omi ni kí wọ́n dà sí i, kí wọ́n rò ó, kí wọ́n tún dà á títí tí kò fi ní gbóná mọ́. Kò sí korobá kankan nítòsí, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ti odò náà, mi ò bá wọn jà. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ọgbà yí odò ká. Àmọ́ omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lè gba ẹ̀mí ọmọ kékeré tó bá dojú bolẹ̀ sínú rẹ̀, ọmọ tó ń rì kì í sì í sábà pariwo. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ pé odò wà níbẹ̀ kí a tó sanwó.

Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi sí àwọn ibùdó tó ní àgbàlagbà nìkan ni àwọn ń gbà, irú èyí tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń sọ pé ta ni ò ti ìgbà ọmọdé wá. Ní báyìí, ẹni tó kọ ọ́ gbangba pé òun ò gba ọmọ kò ṣẹ̀ mí rárá, ó ti jẹ́ kí n mọ̀, mo lè gba ibòmíì lọ. Ẹni tó ní òun ń gbà, tó gba owó ọmọ, tí kò wá pèsè nǹkan kan ju ìrẹ́rìn-ín lọ, òun ni mo ń bá wí. Bí àyè wọn ò bá lè gba ìpín méjì, kí wọ́n yan àkókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọlọ́mọ, kí wọ́n fi ìyókù ọdún sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Nígbà tí à ń dì ẹrù, mo sọ ọ̀rọ̀ ààrò yẹn fún bàbá náà. Wọ́n ò ṣàwáwí, wọ́n ní àwọn á gbé korobá omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lẹ́yìn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí ẹ bá rí korobá, màá wá fi ìràwọ̀ kan kún un.