LCD 16x2 lára Raspberry Pi: wáyà mẹ́fà àbí méjì?

Tí ẹ bá so LCD (ojú kékeré tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn) tó ń lo chip HD44780 mọ́ Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ní tààrà, ẹsẹ̀ LCD tó ń jẹ́ RS, E àti D4 dé D7 á gba GPIO (ẹsẹ̀ Pi tó ń rán àmì, tó sì ń gbà á) mẹ́fà, yàtọ̀ sí wáyà iná. Ẹ so RW (ẹsẹ̀ tó ń yan bóyá a ń kọ sí LCD tàbí a ń kà á) mọ́ GND (ilẹ̀ iná, 0V) o, kí LCD má baà rán 5V padà sí Pi tí kò gbà ju 3.3V lọ.

Tí PCF8574 (chip tó ń jẹ́ kí LCD gba àmì nípasẹ̀ I2C, ìyẹn ọ̀nà wáyà méjì) bá wà lẹ́yìn LCD, wáyà SDA (fún dátà) àti SCL (fún aago) ti tó, yàtọ̀ sí wáyà iná. Òun lèmi fara mọ́, àmọ́ ẹ fi level shifter (ohun tó ń yí àmì 5V sí 3.3V) sáàárín. Àṣẹ `i2cdetect -y 1`, tó ń wá ohun tí a so mọ́ I2C lórí Pi, sábà máa ń fi 27 tàbí 3f, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì PCF8574, hàn. Tójú LCD bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀bù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn dáadáa, ná.