Campbell àbí MacDonald: ìtàn ìdílé wo ló wù yín jù?

Nínú ìdílé ńlá Scotland méjèèjì yìí, MacDonald ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀, Somerled tó kú ní 1164 ni baba ńlá wọn, àwọn ló ń pàṣẹ ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn bí ọba, àfìgbà tí James IV, ọba Scotland, gba oyè olórí àwọn erékùṣù náà lọ́wọ́ wọn ní 1493. Campbell ní tiwọn, ẹ̀yìn ìjọba ni wọ́n máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ wọn wá ń fẹ̀ sí i títí olórí wọn fi di Duke of Argyll, oyè ìjòyè ńlá, ní 1701. Ilé ńlá wọn ní Inveraray ṣì dúró digbí, ẹbí náà ṣì ń gbébẹ̀, ti MacDonald ní Armadale ti di àlàpà, àmọ́ wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glencoe, àfonífojì kan ní Scotland, gan-an ló ká mi lára. Oṣù kejì 1692, Robert Campbell kó sójà dé, àwọn MacDonald gbà wọ́n sílé, wọ́n ń bọ́ wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, àfi ìdájí ọjọ́ kẹtàlá oṣù tí wọ́n dìde pa àwọn tó gbà wọ́n lálejò, bí èèyàn 38. Lóòótọ́, ìjọba ló pàṣẹ, kì í sì í ṣe gbogbo sójà yẹn ló ń jẹ́ Campbell, àmọ́ ẹ jẹun ẹni tán kẹ́ ẹ tún yọ idà sí i? Háà!

Tó bá jẹ́ ọgbọ́n òṣèlú lẹ ń wá, Campbell ni o. Èmi, MacDonald ni tèmi.